Ìwé Atúmọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì Wo Ni Kí A Ṣí? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wá Ìtumọ̀, Orírun àti Ìlò Ọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ọ̀kan nínú ìbéèrè mẹ́ta ló sábà máa ń wà lọ́kàn rẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lónìí, níbo ló ti ṣẹ̀ wá, tàbí báwo ni àwọn tó ni èdè ṣe ń lò ó nínú gbólóhùn. Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fara jọra, ṣùgbọ́n ìwé tó dáhùn ọ̀kan nínú wọn dáadáa lè ṣi ènìyàn lọ́nà pátápátá tó bá kan èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra ìwé atúmọ̀ èdè olówó ńlá, tí wọ́n á tún padà wá sọ pé kò wúlò, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí a kò ṣe é fún ni wọ́n ní kó ṣe.

Kí ìfiwéra yìí má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni mo fi dán àwọn ìwé náà wò, ìyẹn "nice". Lónìí, ohun tó dára tó sì gbádùn mọ́ni, tàbí ẹni tó ní inú rere, ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá, níbi tí "nescius" ti túmọ̀ sí aláìmọ̀kan, nítorí pé "ne" ni wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, "scire" sì ni kí ènìyàn mọ nǹkan. Èdè Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "nice", òmùgọ̀ ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ìtumọ̀ yẹn ló bá wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1300. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi í pe ẹni tí nǹkan kì í tètè tẹ́ lọ́rùn, wọ́n ń fi í pe ohun ẹlẹgẹ́, wọ́n tún ń fi í pe ohun tó gba àyẹ̀wò fínnífínní, kó tó di pé ìtumọ̀ "ohun tó dùn mọ́ni" wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà tó báyìí á jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín ìwé kan àti òmíràn hàn kedere.

Oxford English Dictionary: ìtàn ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí

Nínú gbogbo ìwé tó ń sọ nípa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tó jinlẹ̀ tó Oxford English Dictionary. Ọdún 1857 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Philological Society, bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀, nítorí pé àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀, wọn kò sì sọ ìtàn ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. James Murray di olótùú rẹ̀ ní 1879, apá àkọ́kọ́ jáde ní 1884, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí títí di 1928, lẹ́yìn tí Murray fúnra rẹ̀ ti kú ní 1915. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló jẹ́ kó dá yàtọ̀. Àwọn òǹkàwé tó fi ara wọn jìn láìgba owó ń ka ìwé lóríṣiríṣi, wọ́n ń da gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ kan ti jẹyọ kọ sórí ègé pépà kékeré, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún tí ìwé náà jáde, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn olótùú, tí wọ́n wá ń tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tó dé kẹ́yìn. Àtẹ̀jáde kejì, tó jáde ní 1989, jẹ́ ìdìpọ̀ 20, ó ní ojú-ewé 21,730, àwọn àyọlò inú rẹ̀ sì lé ní 2,400,000. Láti ọdún 2000 ni àtúnṣe kẹta ti ń lọ lọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ tuntun àti àtúnṣe kún un lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún.

Ẹ̀rí ni ohun tí ìwé yìí ní tí àwọn ìwé tó kù kò ní tó o. Tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ kan ti ní ìtumọ̀ báyìí-báyìí rí, á gbé gbólóhùn kalẹ̀ láti inú ìwé tí wọ́n kọ ní àkókò náà, á sì kọ ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Òǹkàwé kò ní láti gba ọ̀rọ̀ olótùú gbọ́ lásán. Ó lè fojú ara rẹ̀ rí bí ìtumọ̀ ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tó ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tàbí ẹni tó ń túmọ̀ ìwé òfin tí wọ́n ti kọ láti ọ̀rúndún mélòó kan sẹ́yìn, kò sí ohun tó lè dípò rẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ìtumọ̀ tó dàgbà jù ló máa ń kọ́kọ́ tò sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sáré ṣí "nice" nínú rẹ̀, tó ka ìtumọ̀ àkọ́kọ́, tó sì pa ìwé dé, á lọ pẹ̀lú èrò pé òmùgọ̀ ni wọ́n pe òun nígbà tí ẹnìkan yin òun. Àwọn olótùú kò fi èyí pa mọ́: nínú ìwé títẹ̀, àmì kan bí àgbélébùú kékeré máa ń wà níwájú ìtumọ̀ tó ti kú, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti di ohun àtijọ́. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ tí àmì yẹn ń jẹ́ kò tíì yẹ kí ó fi ìwé yìí ṣe ìwé àkọ́kọ́ tí yóò máa lò.

Ìtóbi rẹ̀ náà kì í ṣe ohun kékeré. Nínú àtẹ̀jáde 1989, ọ̀rọ̀-ìṣe "set" nìkan ní nǹkan bí ìtumọ̀ 430. Nígbà tí wọ́n tún "run" ṣe fún àtẹ̀jáde kẹta, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn nìkan lé ní 600. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí "run out of" túmọ̀ sí nínú lẹ́tà kan tó wà níwájú rẹ̀ á wá a títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ní ti owó, àsansílẹ̀ ni wọ́n ń san kí wọ́n tó lè ka gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yunifásítì àti ilé ìkàwé ló ti san án fún àwọn tó ń lo ibẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ènìyàn béèrè kó tó náwó ara rẹ̀.

Merriam-Webster àti American Heritage

Ní Amẹ́ríkà, Noah Webster gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá rẹ̀ jáde ní 1828, pẹ̀lú nǹkan bí ọ̀rọ̀ 70,000. Òun ló mú kí irú àkọtọ́ bíi "color" àti "center" fìdí múlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó kú ní 1843, àwọn ará ilé Merriam, George àti Charles, ra ẹ̀tọ́ ìwé náà, ibẹ̀ sì ni orúkọ Merriam-Webster ti wá. Ìkànnì wọn jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ní ohùn tí a lè tẹ́tí sí, ó sì máa ń kọ ọdún tàbí ọ̀rúndún tí wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ nínú àkọsílẹ̀.

Ọdún yẹn wúlò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìṣọ́ra. Ọjọ́ orí ọ̀kan péré nínú àwọn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, kì í ṣe ti gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá rí i pé "nice" ti wà láti ọ̀rúndún kẹrìnlá, kò gbọdọ̀ rò pé àwọn ará ìgbà náà ń fi í yin oúnjẹ tàbí ojú ọjọ́. Oxford English Dictionary máa ń kọ ọdún fún ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí sì ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù láàárín àwọn méjèèjì tó bá di ọ̀rọ̀ ìtàn. Tó bá jẹ́ àkọtọ́ àti ìpè àwọn ará Amẹ́ríkà ni a ń wá, Merriam-Webster ni mo fara mọ́ láìṣiyèméjì.

American Heritage Dictionary jáde ní 1969. Ó wáyé lẹ́yìn ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ilé iṣẹ́ Merriam gbé àtẹ̀jáde kẹta ìwé ńlá wọn jáde ní 1961 lábẹ́ olótùú Philip Gove, tí àwọn kan sì ń bínú pé ìwé náà ń ṣàpèjúwe bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ dípò kó máa sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Nínú American Heritage, ìtumọ̀ tó jẹ́ òpó ló máa ń ṣáájú, kì í ṣe èyí tó dàgbà jù, nítorí náà kò ní ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà bí ti Oxford ńlá. Ó ní àlàyé lórí ìlò tó ń fa àríyànjiyàn, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn olùkọ́ ń bá ara wọn jiyàn lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni àfikún tó wà lẹ́yìn ìwé, tó ń tọpa ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò tí wọ́n gbà pé ó ti wà kí Látìn, Gíríìkì àti àwọn èdè Jámánì tó pínyà. Níbẹ̀ ni ènìyàn ti máa rí i pé "nice" àti "science" bá ara wọn tan, nítorí pé "scire" ni ìyá àwọn méjèèjì.

Àwọn ìwé tí a ṣe fún ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ibí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwé ńlá ń já kulẹ̀ ni ìdáhùn wọn wà níbí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fojú kékeré wò ó nítorí pé a kọ "akẹ́kọ̀ọ́" sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó ṣe ìwé yìí mọ̀ pé òǹkàwé kò fi Gẹ̀ẹ́sì mu ọmú, nítorí náà kì í fi ọ̀rọ̀ tó le túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó rọrùn, ó sì máa ń fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jókòó sínú gbólóhùn. Ìwé ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe èyí, torí pé àwọn tó kọ ọ́ gbà pé òǹkàwé ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

A. S. Hornby, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Jàpáànù, ló ṣíwájú. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé wọn jáde lọ́hùn-ún ní 1942, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Oxford sì gbé e jáde ní 1948. Ìwé yẹn ló di Oxford Advanced Learner's Dictionary, èyí tí àtẹ̀jáde kẹwàá rẹ̀ jáde ní 2020. Longman Dictionary of Contemporary English tẹ̀lé e ní 1978. Òun ló mú un ní dandan pé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000 tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n máa fi ṣe gbogbo àlàyé inú ìwé. Ní 1987, John Sinclair àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Birmingham, pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé Collins, gbé COBUILD jáde. Wọn kò jókòó ro àpẹẹrẹ láti inú orí wọn; wọ́n kó àìmọye ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti kọ àti èyí tí wọ́n ti sọ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Cambridge darapọ̀ mọ́ wọn ní 1995.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ "nice". Ẹni tó bá ṣí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ bá ohun tó dùn mọ́ni àti ẹni tó ní inú rere pàdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó ṣe pàtàkì jù á wá tẹ̀lé. Á rí "nice to meet you", tí à ń sọ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ẹnìkan. Á rí "nice of you", tí "to" àti ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń tẹ̀lé, tí a fi ń dúpẹ́ oore. Á rí "nice and warm", tí kò túmọ̀ sí pé nǹkan dára tó sì tún gbóná, bí kò ṣe pé ó gbóná bí a ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ọmọwé tó mọ gbogbo ìtàn "nescius" láìmọ "nice and" á ṣì máa ṣi gbólóhùn yìí gbọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ìtumọ̀ tó jẹ mọ́ ìyàtọ̀ tín-ín-rín máa ń wà, pẹ̀lú àkíyèsí pé èdè tó ga ni, irú èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń lò nígbà tí wọ́n bá sọ pé kókó òfin kan jẹ́ "a nice point". Ìtumọ̀ tó ti wà kí ti òde òní tó dé nìyẹn, tó ṣẹ́kù sí igun kan.

Láàárín àwọn mẹ́rin wọ̀nyí, ìyàtọ̀ wà tó lè mú kí ènìyàn yan ọ̀kan. Àlàyé COBUILD máa ń jẹ́ odindi gbólóhùn, bí ẹni pé olùkọ́ ló ń sọ pé, "tí o bá ní ohun kan jẹ́ báyìí, ohun tí ò ń sọ nìyí." Èyí dára púpọ̀ fún ẹni tí gírámà ń dà láàmú, nítorí pé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá àwọn mìíràn rìn ti wà nínú àlàyé náà fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gùn fún ẹni tó ń kánjú. Longman ni mo fẹ́ fún ẹni tó ń kọ àròkọ tàbí lẹ́tà iṣẹ́, nítorí pé ó máa ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́tọ̀, á sì fi sí èyí tó wọ́pọ̀ nínú ìwé kíkọ lọ́tọ̀. Oxford ti Hornby wà ní agbedeméjì. Ó bá ìdánwò mu, ó sì ní àkójọ ọ̀rọ̀ 3,000 tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀. Cambridge rọrùn jù lọ láti lò lórí fóònù, ó sì máa ń fi ìpè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni a lè ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀ ní kíkún. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn kò gbọdọ̀ bá wọn bínú.

Àwọn ìkànnì orírun ọ̀rọ̀

Online Etymology Dictionary, tí Douglas Harper dá sílẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bá pàdé tí wọ́n bá béèrè orírun ọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ṣe kedere, ó sì ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ láti èdè kan dé òmíràn nínú ìpínrọ̀ kan péré. Àwọn ìwé ńlá tí àwọn onímọ̀ ti kọ ló ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbé àyọlò tó jẹ́ ẹ̀rí kalẹ̀, nítorí náà ó tó fún ẹni tó fẹ́ mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó fẹ́ fi í jà lórí kókó kan nínú iṣẹ́ ìwádìí.

Wiktionary, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ní ohun kan tí Harper kò ní: bí ènìyàn bá tẹ "nescius" tó wà nínú ìtàn "nice", á gbé e lọ sí ojú-ewé ọ̀rọ̀ Látìn náà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè tún un ṣe, èyí sì ń mú kí ojú-ewé kan péye gan-an kí òmíràn sì jẹ́ àròsọ. Mo máa ń lò ó láti mọ ibi tó yẹ kí n wò, lẹ́yìn náà mo máa ń lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbòmíràn.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbi tí orírun ọ̀rọ̀ bá wà, ó sì yẹ kí ẹni tó ń yan ìwé mọ̀ wọ́n. Èkíní ni kí ènìyàn máa sọ pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ni ìtumọ̀ òtítọ́, pé "nice" kò ju òmùgọ̀ lọ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú Látìn. Àwọn tó ń sọ èdè lónìí ló ń pinnu ohun tí ọ̀rọ̀ ń jẹ́ lónìí. Èkejì ni ìtàn tó dùn létí tí kò ní gbòǹgbò. Àwọn kan ń sọ pé "news" jẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìhà mẹ́rin ayé tí a tò pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀; ara "new", ohun tuntun, ni wọ́n ti yọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí Faransé ṣe yọ "nouvelles" láti ara ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ohun tuntun. Fífi lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀ kó tó di ọ̀rúndún ogún, nítorí náà ìtàn irú bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ yẹ kó mú ìfura dání. Tí ìwé kan bá sọ ìtàn orírun láìsí ọdún àti láìsí orúkọ èdè kankan, kí a ṣí òmíràn.

Àpótí Google, àti ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣí ìwé kankan mọ́. Wọ́n kàn ń kọ ọ̀rọ̀ náà sínú Google ni, wọ́n sì ń ka ohun tó wà nínú àpótí tó jáde. Oxford Languages ló ń pèsè àlàyé inú àpótí náà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé Oxford English Dictionary ńlá nìyẹn. Ìwé ti òde òní ni, tó ń to ìtumọ̀ tó wọ́pọ̀ síwájú, ó sì tó fún ẹni tó ń kàwé lọ tó sì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé. Kò tó fún ẹni tó ń kọ̀wé, nítorí pé kò fi bẹ́ẹ̀ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rìn.

Ní ti bóyá kí a ra ìwé títẹ̀ tàbí kí a dúró sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Macmillan yẹ ní ríronú lé. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ wọn, tó kọ́kọ́ jáde ní 2002, dára gan-an. Wọ́n dáwọ́ ìwé títẹ̀ dúró, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì di 2023, wọ́n ti ìkànnì náà pa. Àwọn tó ní àtẹ̀jáde rẹ̀ nílé ṣì ń lò ó. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ju ìwé kan ṣoṣo lọ ni pé kó ra ìwé akẹ́kọ̀ọ́, Longman tàbí Oxford ti Hornby, kó sì máa lo Merriam-Webster àti ìkànnì Harper lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìyókù. Kí ògbufọ̀ àti ẹni tó ń ka ìwé àtijọ́ sì forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìkàwé tó ti san owó Oxford ńlá. Kí wọ́n tó sanwó ìwé títẹ̀ kankan, kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ojú-ewé àkọlé rẹ̀, kí wọ́n wo ọdún àtẹ̀jáde, nítorí pé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n tẹ̀ kó tó di pé íntánẹ́ẹ̀tì gbòde kò ní mọ ohun tí "tablet" àti "stream" ń jẹ́ lónìí, bó ti wù kí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán tó.